Owó Ẹ̀bùn Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde: Iṣẹ́ Wo Ni Kó Kọ́kọ́ Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo parí yunifásítì lọ́dún tó kọjá, a sì ṣe ìnáwó ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Nígbà tí a ka owó ẹ̀bùn tó wọlé, ó jẹ́ ₦685,000. Mi ò fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní London ló fi ₦200,000 ránṣẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n ní kí n fi ra kọ̀ǹpútà. Ìyókù jẹ́ owó inú àpò ìwé, owó tí wọ́n ná fún mi níbi ijó, àti èyí tí àwọn èèyàn fi sí àkáǹtì mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun mọ ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń san èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, kí n kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra fóònù tuntun. Ìyá mi àgbà ní kí n kọ́kọ́ yọ sàká. Màmá mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó epo tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìgbọ̀nà ni wọ́n fi ṣe ìnáwó náà, wọ́n sì tún yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mò ń dúró de ìwé ìpè àwọn agùnbánirọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú oríire o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé tí o kà yẹ ọ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó fà mí padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdá 30 yẹn, kì í sì í ṣe ti fóònù. Gbólóhùn kékeré tí o sọ gbẹ̀yìn ni, pé màmá rẹ ò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àkókò ti ń sá lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Inú òwò epo ni o dàgbà sí, o mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún ni eyìn máa ń pọ́n jù lóko. Epo á pọ̀, owó rẹ̀ á rọlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yìí ni àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń ra kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ara wọn, tí wọ́n ń gbé e pamọ́ síbi tí oòrùn ò dé, tí wọ́n á wá máa tà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí epo bá wọ́n níparí ọdún. Ẹni tí kò bá rówó rà á nísinsìnyí, ọwọ́ àwọn tó kó o pamọ́ ni yóò ti rà á tó bá yá, èrè tí ì bá jẹ ti di tiwọn. Owó tí màmá rẹ fi gba kánópì àti àga, tí wọ́n fi ra ẹran, tí wọ́n fi sanwó alásè, owó tí ì bá ti di epo nínú yàrá wọn ni. Bí o bá fi oṣù mẹ́ta ronú lórí ohun tí o máa ṣe, àsìkò epo á ti lọ.

Nítorí náà, kó o tó ná kọ́bọ̀ nínú owó yìí, jókòó ti màmá rẹ. Má ṣe é lójú àwọn àbúrò rẹ, má sì ṣe é lọ́jọ́ ọjà nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, kó o wá bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni ìnáwó yìí kù sí yín lọ́rùn?" Mo lè sọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá ọ lóhùn: wọ́n á ní kó o má dààmú, pé owó rẹ ni. Bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ní kí wọ́n mú ìwé ẹgbẹ́ wá kí ẹ jọ wò ó.

Àwọn ọmọ mìíràn á sọ pé ẹ̀bùn ni ẹ̀bùn, pé orúkọ àwọn ni wọ́n kọ sára àpò ìwé, pé ìnáwó jẹ́ ojúṣe òbí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi owó sọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà, abẹ́ kánópì màmá rẹ ni wọ́n jókòó sí, oúnjẹ tí wọ́n jẹ kò tíì tán ní sísan. Kì í ṣe pé o fẹ́ ta màmá rẹ lọ́rẹ. Gbèsè ìnáwó ni owó ìnáwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san. Lẹ́yìn tí èyí bá kúrò nílẹ̀ ni ìyókù tó di tìrẹ tọkàntọkàn.

O kò sọ iye gbèsè náà, torí náà màá fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, o lè fi èyí tó jẹ́ òótọ́ rọ́pò rẹ̀. Ká yọ ₦200,000 ti kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ ná, ó ku ₦485,000. Ká ní ₦120,000 ni wọ́n jẹ ẹgbẹ́. San án tán lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ti ẹgbẹ́ ṣáájú torí pé kò sẹ́ni tó ń yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù láìní onídùúró. Àwọn obìnrin bíi tiwọn ló fọwọ́ síwèé, bí sísan bá sì falẹ̀, owó tí àwọn yẹn tọ́jú sẹ́gbẹ́ ni wọ́n á dè mọ́lẹ̀. Ìtìjú ìyẹn lè wúwo lọ́rùn ìyá ju gbèsè fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ₦100,000 kún owó epo. Ó jẹ́ ₦220,000 lápapọ̀.

Má kó gbogbo ẹ̀ fún wọn o. Mo mọ̀ pé ó lè máa ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, àánú ìyá a máa gbé èèyàn lọ jìnnà. Bí o bá kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ìwé ìpè rẹ bá dé, tí wọ́n ní Adamawa tàbí Sokoto ni káàǹpù rẹ wà, ta lo máa lọ bá fún owó ọkọ̀? Màmá rẹ náà ni. Wọ́n á tún ta epo náà kó tó wọ́n, ibi tí a ti kúrò la óò tún padà sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ò gbọdọ̀ gbà wá lásìkò púpọ̀. Owó tí ẹni tó fi ránṣẹ́ ti sọ iṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ yẹn ni kó lọ ṣe. Bí o bá ní ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn, pè wọ́n kó o tọrọ àyè. Má ṣe ohun mìíràn kó o wá máa wá àlàyé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kó o ra kọ̀ǹpútà yẹn. Wọ́n máa ń sọ fún ọlọ́gbọ́n èèyàn pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ọ́ láìronú sí i. Mọ́tò ò lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró tí àwọn oníbàárà bàbá náà ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ ọ́. Ohun tó lè gbé e débi tí owó wà ló rà, bí kò tiẹ̀ dára lójú èèyàn. Irú ojú yẹn ni kó o fi wo kọ̀ǹpútà tí o fẹ́ rà.

Tòkunbọ̀ ni ₦200,000 lè rà fún ọ, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ohun tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó débẹ̀ nìyí. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10 láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, 2025. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó pọ̀ lórí àtẹ ti dàgbà ju ohun tí Microsoft gbà fún Windows 11 lọ. Bi ẹni tó ń tà á bóyá ìran kẹjọ ni Intel inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, tàbí èyí tó lé e. Bó bá jẹ́ ìran kẹfà tàbí ìkeje ni, fi í sílẹ̀, bó ṣe wù kó dán tó. Kó ní RAM 8GB, ìyẹn ibi tó ń fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, kó sì jẹ́ SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, ni wọ́n fi sí i. Má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kó o tó tẹ gbogbo bọ́tìnnì orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣí i, pa á dé, ṣí i, pa á dé, kó o wo ìdè rẹ̀. Yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀, kó o lò ó fún ogún ìṣẹ́jú kó o rí bí bátìrì ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Gba rìsíìtì tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tó o lè dá a padà sí. Kó o sì mú ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ dání, kì í ṣe ẹni tí ọlọ́jà máa fún ní owó ẹ̀yìn.

Wàyí o, lẹ́yìn màmá rẹ àti kọ̀ǹpútà, ₦265,000 ló kù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí pé òun ni ìdí tí mo fi mú lẹ́tà rẹ nínú gbogbo èyí tó wà níwájú mi.

Ní 1994, nígbà tí èmi náà parí ìwé, wọ́n fún mi lówó. Mo fi ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan, mo sì ra léèsì. Wọ́n dára, mo fẹ́ràn wọn. Mo sìnrú ìlú tán, mo bọ́ káàkí, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níṣẹ́ kan ní Èkó, mi ò rówó ọkọ̀ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí láti tún béèrè nílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ilé ìwé aládàáni kan nítòsí ilé wa gbà mí sí iṣẹ́ olùkọ́, mo yára gbà á torí pé ebi ò mọ̀ pé mo kàwé. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ mí lówó. Mo mọ̀ ní oṣù kejì pé ibẹ̀ ò dára, síbẹ̀ mi ò lè kúrò, torí pé ẹni tí kò ní owó ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ kò lè sọ pé òun ń lọ. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wọ iṣẹ́ báǹkì, tí mo fi ọdún méjìlélógún ṣe. Gbogbo ọdún yẹn, lójú mi níbi tí mo jókòó sí, mo ń rí àwọn ọmọ tó jáde ìwé tí ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Èyí tó gba iṣẹ́ burúkú kì í ṣe pé kò gbọ́n. Kò lè dúró ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní orúkọ tí mo ń pe irú owó yìí: owó ìdúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kó o lè dúró fún oṣù díẹ̀ láàárín ìgbà tí ìwé parí àti ìgbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ tó nítumọ̀ bá dé, kó o lè sọ pé "rárá" fún ohun tí kò yẹ ọ́. Kò sí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà tó dára tó ìyẹn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Wo ohun tó wà níwájú rẹ. O lè dúró de ìwé ìpè fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni káàǹpù, ọjọ́ 21. Ìjọba á fún yín ní káàkí, bàtà àti aṣọ funfun, ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí wọ́n ń fúnni kì í tó, o máa ra èyí tó kù, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì, ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Ọjà Máàmì sì wà nínú káàǹpù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ná owó tí wọ́n ò mọ̀ pé àwọn ń ná, lónìí búrẹ́dì àti ẹyin, lọ́la súyà. Owó ọkọ̀ lọ síbi tó jìn lè pọ̀, má sì rìnrìn-àjò òru láti fi dín in kù. Yọ ₦60,000 sọ́tọ̀ fún gbogbo èyí, kó o má fọwọ́ kàn án títí ìwé ìpè yóò fi dé.

Lẹ́yìn káàǹpù, wọ́n á pín yín síbi iṣẹ́. Ibòmíràn a máa fún agùnbánirọ̀ nílé, ibòmíràn kì í fún un. Onílé lè ní àfi kó o san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ béèrè ilé àwọn MCAN ní ìlú náà, àwọn agùnbánirọ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ilé tí wọ́n ń gbé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Àláwì tí ìjọba ń san ti di ₦77,000 lóṣù; ₦33,000 ni láti 2020, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tuntun náà ní oṣù kẹta, 2025. Ó ti sàn ju tàtijọ́ lọ. Síbẹ̀, kì í dé lọ́jọ́ tó o bá débi iṣẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ tó dé ìlú àjèjì jẹ gàrí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé.

Oṣù tó sì nira jù kì í ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Oṣù tó tẹ̀lé ìgbà tí ẹ bá bọ́ káàkí ni. Àláwì ti dúró, ojú àwọn ará ilé ti wà lára rẹ pé ó ti parí gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ ò tíì dé. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ kí owó ìdúró rẹ ṣì kù. Bí o bá ti ń gba àláwì, fi díẹ̀ padà sórí ohun tó o bá yọ níbẹ̀. Bí o bá rí alájọ olóòótọ́ tàbí èésú láàárín àwọn agùnbánirọ̀ tí ẹ jọ wà, ó dára, ìyẹn ló mú ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa dúró kí báǹkì tó pọ̀ báyìí.

Èló ni mo wá ń sọ? Nínú ₦265,000, yọ ₦60,000 ti káàǹpù. Mú ₦10,000 ṣe sàráà. Mú ₦15,000 ra ohun tó wù ọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ léèrè lórí ẹ̀. O ṣe iṣẹ́ ọdún púpọ̀, ó yẹ kí nǹkan kan wà tí wàá wò tí wàá rántí ọjọ́ yẹn. ₦180,000 ló kù. Nígbà tó jẹ́ pé ilé màmá rẹ lo wà, ₦30,000 lóṣù lè gbé ọ dé ibi tí o ń lọ pẹ̀lú dátà àti owó ọkọ̀. Oṣù mẹ́fà nìyẹn tó o lè dúró.

O lè sọ pé owó tó jókòó lásán ń rù. Òótọ́ ni. Ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé ní oṣù kejìlá, 2024, iye ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń jẹ owó, ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n owó tó yẹ kó wà nítòsí rẹ kò lè lọ sóko jíjìn. FGN Savings Bond ti ìjọba ń tà láti 2017, ìyẹn owó tí èèyàn ń yá ìjọba, dára, o lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àmọ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n fi ń so owó mọ́lẹ̀. Ìyẹn wà fún ìgbà tó o bá ti níṣẹ́. Ní báyìí, ṣí àkáǹtì kejì tí kò ní káàdì, kó o má gbé e sórí fóònù tí o ń fi ra dátà. Tàbí kó o gbé e sínú àwọn àkójọpọ̀ owó tí wọ́n ń pè ní money market fund, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ SEC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò. Èlé rẹ̀ máa ń ju ti àkáǹtì ìfowópamọ́ lọ, o sì lè gba owó rẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ní ti bóyá báǹkì lè wó mọ́ owó rẹ lórí: àjọ NDIC tó ń dójútòfò owó àwọn èèyàn ti sọ iye tí wọ́n ń dáàbò bò di ₦5,000,000 fún báǹkì ńlá láti 2024, ₦2,000,000 sì ni fún báǹkì kékeré onímáíkírófináǹsì. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, NDIC ló san owó àwọn tí tiwọn ò ju iye yẹn lọ. Tìrẹ ò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Sùn dáadáa.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mú bírò. Ká ní o fi ₦100,000 síbi tí wọ́n ti ń san ìdá 30 lóṣù, tí o ò sì kó èlé rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yẹ kó ti di ohun tó ju ₦2,300,000 lọ. Ronú sí gbogbo ẹni tó o mọ̀ tó ń ṣòwò, láti orí màmá rẹ títí dé àwọn tó ń kó ọkọ̀ ẹrù. Ta ni òwò rẹ̀ ń sọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún di mílíọ̀nù méjì lọ́dún kan láìṣe pé ẹlòmíràn ló ń pàdánù? Ìdá 30 lóṣù yìí gan-an ni MMM, ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ṣèlérí. Ní oṣù kejìlá, 2016, wọ́n ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa, mo sì wà nídìí tábìlì ní báǹkì nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wá bi mí bóyá mo lè bá wọn gba owó ilé ìwé ọmọ wọn padà. Mi ò lè gbà á. Ní oṣù kẹrin, 2025, ti CBEX tún ṣẹlẹ̀, àwọn yẹn ní àwọn á sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àga ò san gbèsè. Òfin tuntun tí ìjọba buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún náà sọ irú òwò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń múni dẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n òfin ò lè fa owó tó ti kúrò nílùú padà.

Má bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Ó ṣeé ṣe kí owó tirẹ̀ ti wà níbẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má sì balẹ̀, torí pé owó ẹni tuntun ni wọ́n fi ń san ti ẹni àkọ́kọ́. Sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo owó tí ẹ fi síbẹ̀ kọ́kọ́ padà sí àkáǹtì yín, gbogbo ẹ̀ o, kì í ṣe èlé nìkan. Tí mo bá rí i, a óò tún ọ̀rọ̀ náà sọ." Bó bá lè gbọ́ ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn fún ara rẹ̀, kó tètè yọ ohun tó bá ṣì ṣeé yọ.

Fóònù? Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ṣì ń gba ìpè, tó ń ṣí íméèlì, fi í sílẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ ní ọkàn rere. Sàká owó ní òdiwọ̀n tirẹ̀: giráàmù 85 góòlù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n, ọdún òṣùpá kan gbọ́dọ̀ yí lórí owó náà lọ́wọ́ rẹ, kó tó di pé o yọ ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Owó rẹ ò tíì pé oṣù kan, kò sì súnmọ́ iye góòlù yẹn. Ṣàlàyé fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tàbí kí ẹ jọ lọ bá àáfà àdúgbò yín. Sàráà tó o bá ṣe, kó o mú lára rẹ̀ fún wọn kí wọ́n bá ọ pín in fún àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ebi ń pa. Inú wọn á dùn sí ìyẹn ju ìwádìí góòlù lọ.

Ó ku ohun kan tí àwọn ọmọ ìwòyí kì í ṣe mọ́. Wá ìwé àjákọ kan. Kó gbogbo àpò ìwé yẹn sílẹ̀, kó o kọ orúkọ àti iye sínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Ní ti owó ijó, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ọ gbé àpò lọ́jọ́ náà, ohun tó bá rántí ni kó o kọ. Ẹ̀bùn ìnáwó láàárín wa dà bí àjọ tí kò lọ́jọ́ ìkó. Obìnrin tó fi ₦5,000 sínú àpò ìwé rẹ yẹn, ọmọ rẹ̀ náà máa jáde ìwé, tàbí kó gbéyàwó, tàbí kí ìyá rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ yẹn ló yẹ kó o lè ṣí ìwé náà. Màmá rẹ mọ èyí tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́kọ́ ná an fún nínú wọn, èyí tó sì jẹ́ àánú gidi. Kí wọ́n máa sọ fún ọ bí o ṣe ń kọ ọ́. Pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o kí wọn. Fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ya fọ́tò kọ̀ǹpútà náà lórí tábìlì rẹ, kó o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun máa ń fi owó ránṣẹ́ láìrí ohun tó dà. Má jẹ́ kí tìrẹ rí bẹ́ẹ̀.

Bí àwọn ẹbí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá yáwó, torí pé ọ̀rọ̀ ₦685,000 á ti tàn kálẹ̀, ìdáhùn rẹ jẹ́ òótọ́, kò sì gùn: owó náà ti níṣẹ́. O ò ní purọ́, o ò sì ní máa ka iye fún ẹnikẹ́ni.

Lọ bá màmá rẹ lálẹ́ òní. Nígbà tí ẹ bá ra kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, kọ̀wé sí mi, kó o sọ iye tí wọ́n tà á fún yín lóko. Màá fẹ́ mọ̀ iye tí ẹ máa tà á ní December.